Kí ló dé tí Halelúyà wọn fi lọ sílẹ̀ ju tiwa lọ?

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n rí Messiah kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orin ńlá ti Handel tí Halelúyà wà nínú rẹ̀, èyí tí Christopher Hogwood àti ẹgbẹ́ Academy of Ancient Music gbé jáde ní 1980, wọ́n sì fẹ́ fi kọ́ apá báàsì wọn nílé. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tan kíbọ́ọ̀dù, tí wọ́n mú kíì D tí gbogbo wa fi ń kọ Halelúyà, kò bá ohun tí wọ́n ń gbọ́ mu. Orin náà ti lọ sílẹ̀. Fáyólìnì ń dún bí ẹni pé okùn rẹ̀ gbẹ, akọrin ò pọ̀, wọ́n sì ń yára. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbí wọ́n ti ba téèpù yìí jẹ́ ni?"

Wọn ò bà á jẹ́, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn olórin kan wà, ní Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà àti ní Japan, tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi ayé wọn ṣe nìyí: kí wọ́n tó fọwọ́ kan orin tí ẹnì kan kọ ní 1610 tàbí ní 1742, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí irú ohun èlò tí wọ́n fi kọ ọ́ nígbà náà, iye èèyàn tó kọ ọ́, àti bí àwọn ará ìgbà yẹn ṣe ń gbé ohùn. Olórin aṣèwádìí ni mo máa pè wọ́n níbí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé eré ìbílẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, tàbí pé wọ́n ń sọ fún àwa yòókù pé a ò mọ orin kọ. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì kan àwa tí a ń kọ Messiah ní gbogbo Kérésìmesì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè Ẹ̀gbọ́n, òun ló rọrùn jù. Lóde òní, nóòtì A tí gbogbo ẹgbẹ́ fi ń tún ohùn wọn ṣe kí orin tó bẹ̀rẹ̀ máa ń gbọ̀n nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àdéhùn ni. Ibi àpérò kan ní London ní 1939 ni wọ́n ti fẹnu kò sí i. Kó tó dìgbà náà, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Kódà nínú ìlú kan ṣoṣo, dùrù ṣọ́ọ̀ṣì lè ga ju fèrè tí wọ́n ń fọn láàfin lọ. Ní ilẹ̀ Faransé, A lè lọ sílẹ̀ tó 392. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Jámánì, ó lè gòkè dé nǹkan bí 465. Irin kékeré ẹlẹ́ka méjì kan wà, irú èyí tí wọ́n máa ń gbá mọ́ nǹkan kó lè dún, tó ti wà láti 1751, tí wọ́n sì so mọ́ orúkọ Handel fúnra rẹ̀. 422.5 ni A tirẹ̀.

Àwọn olórin aṣèwádìí rí i pé kò ṣeé ṣe láti máa ru ohun èlò mẹ́wàá kiri nítorí ìlú mẹ́wàá. Wọ́n wá fara mọ́ 415 fún ọ̀pọ̀ jù lọ orin ayé Handel àti Bach, olórin Jámánì ìgbà kan náà, nítorí pé ìṣísẹ̀ kan péré ló fi wà nísàlẹ̀ 440: ẹni tó bá tẹ D lórí ohun èlò tiwọn, C-sharp ti kíbọ́ọ̀dù ilé yín ló máa gbọ́. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n gbọ́ nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé 415 yìí ni ohùn àtijọ́ gan-an. Àdéhùn ọ̀rúndún ogún ni òun náà, wọ́n kàn yàn án nítorí pé ó sún mọ́ tàtijọ́, ó sì rọrùn.

Ohùn tó lọ sílẹ̀ ló kéré jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìwé orin fúnra rẹ̀ ni ìdààmú wà.

Bí àbúrò yín bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín pé "Baba ti ra oko", tí kò fi àmì kankan sí orí rẹ̀ tàbí ìdí rẹ̀, ẹ ò ní ṣì í kà. Ẹ mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni, torí pé láti èṣí ni Baba ti ń tọ́jú owó ẹ̀. Ẹ mọ̀ bóyá ọkọ́ ni, torí pé èyí tó wà nílé ti ṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ oko gan-an. Ìwé ò sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ká wá sọ pé igba ọdún kọjá, kò sẹ́ni tó ń sọ Yorùbá mọ́ láyé, ọ̀mọ̀wé kan wá rí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn. Yóò mọ gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀. Yóò sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ní re, re, re, re. Kò fo ẹyọ lẹ́tà kan, síbẹ̀ Yorùbá kọ́ ló kà.

Bí ìwé orin ìgbà náà ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó kọ ọ́ mọ àwọn tó máa kọrin náà lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀. Ìlú kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, ọ̀dọ̀ irú olùkọ́ kan náà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Kí ló máa kọ ohun tí gbogbo wọn ti mọ̀ sílẹ̀ fún? François Couperin, tó ń fi hápsíkọ́ọ̀dù (ohun èlò títẹ̀ àtijọ́ tó ní okùn nínú) kọrin láàfin ọba Faransé, sọ ọ́ láìfi bò nínú ìwé rẹ̀ ti 1716: ó ní bí àwọn ṣe ń kọ orin sílẹ̀ yàtọ̀ sí bí àwọn ṣe ń ṣe é, gẹ́gẹ́ bí èdè wọn náà ṣe rí nínú ìwé, àti pé ìdí nìyẹn tí àwọn àjèjì kì í fi í lè ṣe orin Faransé dáadáa tó bí àwọn ará Faransé ṣe ń ṣe tàwọn àjèjì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ yẹn, àmì ohùn ló wá sí mi lọ́kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun kan tó ń tọ́ka sí nìyí: bí nóòtì mẹ́jọ kéékèèké bá tò tẹ̀ lé ara wọn lórí ìwé, tí gbogbo wọn gùn bákan náà, olórin Faransé ìgbà yẹn á fa èkíní gùn, á ké èkejì kúrú, á fa ẹ̀kẹta, á ké ẹ̀kẹrin. Ó wà ní dídọ́gba lórí ìwé, ó sì ń jó létí.

Nígbà míì, ìwé náà tilẹ̀ ṣófo ni. Lábẹ́ ìlà báàsì nínú Messiah gẹ́gẹ́ bí Handel ṣe fi í sílẹ̀, ẹ lè rí nọ́ńbà kéékèèké, 6, 7, 4 àti 3. Ohun tí ọwọ́ ọ̀tún máa tẹ̀ kò sí níbẹ̀. Báàsì àti nọ́ńbà nìkan ló wà, ẹni tó jókòó sídìí hápsíkọ́ọ̀dù ló máa fi ọgbọ́n orí rẹ̀ kún ìyókù lójú ẹsẹ̀, á sì máa wo ẹnu akọrin kó lè mọ ìgbà tó yẹ kó fẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Àwọn tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìyá kan á ṣàdédé dá orin sílẹ̀ láìsọ kíì, iṣẹ́ yìí ò lè ṣàjèjì sí wọn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀ṣọ́ orin náà wà níbẹ̀. "A kẹ́gàn rẹ̀, a sì kọ̀ ọ́" nínú Messiah ní ìpín méjì. Tí akọrin bá parí ìpín kejì, yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá wo ìwé, ohun kan náà ni wọ́n ní kó tún kọ. Kò sí akọrin ayé Handel tó máa tún un kọ bó ṣe wà. Yóò yí ohùn kan padà síbí, yóò fa òmíràn sókè lọ́hùn-ún, bí ìyá àgbà tó ń dá orin ní ìṣọ́ òru kì í ti í dá a bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ó ní ìwọ̀n. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ orin yìí ní Dublin ní 1742, Susannah Cibber, òṣèré orí ìtàgé ni, ohùn rẹ̀ kò tóbi, bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ló fi ń mú ọkàn èèyàn. Akọrin tó bá kó ọ̀ṣọ́ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ ti ṣi orin náà gbọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń mọ gbogbo èyí? Àwọn ará ìgbà yẹn kọ ìwé fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, àwọn ìwé náà sì wà dòní. Ní 1752, Quantz, tó ń kọ́ ọba Frederick ti Prussia ní fèrè fífọn, kọ ọ̀kan tó nípọn. Ní 1753, Carl Philipp Emanuel, ọmọ Bach, kọ ti àwọn ohun èlò títẹ̀ bíi hápsíkọ́ọ̀dù. Ní 1756, Leopold, bàbá Mozart, kọ ti fáyólìnì. Quantz ò ní aago tó ń ka ìlù. Ó ní kí olórin di ọwọ́ ara rẹ̀ mú, kó fi ìlù ọkàn ẹni tí ara rẹ̀ dá wọn eré orin, bí ọgọ́rin ìlù láàárín ìṣẹ́jú kan. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ orin tí a sọ di wọ́ọ́rọ́wọ́ ti yára rí. Leopold Mozart ní tirẹ̀ ń bínú sí àwọn tó máa ń gbọn ohùn lórí gbogbo nóòtì bí ẹni tí àrùn ń gbọ̀n. Ẹ wò ó, tí gbígbọ̀n bá jẹ́ ohun tí ẹnì kankan kì í ṣe, kò ní rí wọn bá wí. Nítorí náà àwọn kan ń gbọn ohùn ju ara wọn lọ nígbà náà pẹ̀lú, àmọ́ àwọn àgbà ka a sí iyọ̀ tí èèyàn ń bù sí ọbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìwé àwọn olùkọ́, wọ́n tún ń wo àwòrán àtijọ́ láti mọ bí wọ́n ṣe ń di ohun èlò mú, wọ́n ń wo ìwé ìnáwó, wọ́n sì ń wọn àwọn ohun èlò tó kù ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí.

Ohun èlò gan-an máa ń kọ́ èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé kankan ò lè kọ́ ọ. Okùn fáyólìnì òde òní, irin ni, tàbí ike tí wọ́n fi irin wé. Ti ayé Handel, ìfun àgùntàn ni wọ́n fọ̀, tí wọ́n lọ́, tí wọ́n sá gbẹ. Kì í pariwo bí irin. Ó máa ń há díẹ̀ kó tó tú ohùn sílẹ̀, bí ẹni tó kọ́kọ́ pe k kó tó pe fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e. Tí ọ̀rinrin bá kàn án, ohùn rẹ̀ á yẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí wọn tí wọ́n tún ń yí okùn láàárín orin kan sí èkejì. Ẹ wá wo ọ̀pá onírun ẹṣin tí wọ́n fi ń fà á. Ti òde òní tẹ̀ wọnú síhà irun rẹ̀, agbára rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti ìdí dé orí, kí ohùn lè gùn lọ láìjá. Ti àtijọ́ tọ́ gbọnrangandan, tàbí kó ta kókó sóde díẹ̀ bí ọrun ọdẹ, orí rẹ̀ sì fúyẹ́. Bí olórin bá fà á wálẹ̀, ohùn á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára, á sì máa tán lọ. Bó bá tì í padà sókè, kò ní lágbára tó ti àkọ́kọ́. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, nóòtì kan ń wúwo, èkejì ń fúyẹ́, orin á wá dà bí ọ̀rọ̀ tó ní sílébù. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n gbọ́ tí wọ́n fi ní okùn náà gbẹ nìyẹn.

Ẹni tó bá ti gbọ́ kàkàkí láàfin Ọ̀yọ́ rí á tètè mọ irú ìpè tó wà nínú Messiah. Kò ní bọ́tìnnì kankan. Ọ̀pá gígùn ni wọ́n ká, ètè àti èémí ẹni tó ń fọn ọ́n ló ń wá gbogbo nóòtì, díẹ̀ nínú wọn kì í sì í bá ti dùrù dọ́gba. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fọn ọ́n lóde òní ti lu ihò kéékèèké sí i lára kí àwọn nóòtì yẹn lè tọ́, bẹ́ẹ̀ ihò kò sí lára ti Handel. Mi ò bú wọn, iṣẹ́ náà le, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùgbọ́ mọ̀.

Ní ti iye akọrin, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé Messiah fúnra rẹ̀. Nínú 1741 ni Handel kọ ọ́, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwé ìnáwó ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ ní 1754, ní Foundling Hospital, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí wọ́n já sílẹ̀ ní London, ṣì wà. Àwọn tó ta tàbí fọn ohun èlò kò tó 40, àwọn akọrin ò sì ju bí ogún lọ yàtọ̀ sí àwọn adákọrin. Messiah ti ọdún yẹn ni Hogwood tún kọ nínú àwo tí Ẹ̀gbọ́n rí. Handel kú ní 1759. Ní 1784, wọ́n fi èèyàn tó lé ní 500 kọ ọ́ ní Westminster Abbey. Ní 1789, ní Vienna, Mozart tún un ṣe, ó fi klarinẹ́ẹ̀tì àti tròmbónù kún un. Ní 1859, ní Crystal Palace ní London, àwọn akọrin nìkan lé ní 2,000. Messiah ńlá onígbòòrò yìí ni gbogbo ayé mọ̀ nígbà tí orin Handel ń gbilẹ̀ láàárín àwọn Sàró ní Èkó ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òun la sì jogún. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ orin. Àmọ́ nígbà tí a bá ń sọ pé "bí Handel ṣe kọ ọ́ nìyí", ọ̀pọ̀ ìgbà, bí àwọn ọmọ ọmọ àwọn tó gbọ́ Handel ṣe kọ ọ́ là ń wí.

Ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ tó fi gbogbo agbára wọn wọ inú iṣẹ́ yìí ni Arnold Dolmetsch, tí wọ́n bí ní Le Mans ní ilẹ̀ Faransé ní 1858, tó sì wá tẹ̀dó sí England. Ó ń tún hápsíkọ́ọ̀dù àti àwọn ohun èlò olókùn àtijọ́ ṣe, ó sì ń fi wọ́n kọrin fáwọn èèyàn nínú ilé rẹ̀. Ní 1919, ní ibùdókọ̀ ojú irin Waterloo ní London, wọ́n gbàgbé àpò kan sílẹ̀, rikọ́dà igi rẹ̀, irú fèrè kan, iṣẹ́ ọ̀rúndún kejìdínlógún, sì wà nínú rẹ̀. Àpò náà sọnù. Ṣùgbọ́n ó ti wọn ọ́n sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló bá jókòó, ó fi ìwọ̀n yẹn gbẹ́ òmíràn, ó gbẹ́ lé e títí tí rikọ́dà fi padà sáyé lọ́wọ́ àwọn olórin. Rikọ́dà oníke tí àwọn ọmọ wa ń gbé lọ sílé ìwé, ọmọ ìdílé yẹn ni.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ orin àtijọ́, Schola Cantorum, bẹ̀rẹ̀ ní Basel ní Switzerland ní 1933. Ní Vienna, Nikolaus Harnoncourt ń ta sẹ́lò, ohun èlò bí fáyólìnì ńlá, nínú ẹgbẹ́ olórin ńlá kan láti jẹun, ó sì ń kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ lẹ́yìn iṣẹ́. Ní 1953 ni wọ́n dá Concentus Musicus sílẹ̀, ọdún mẹ́rin ni wọ́n sì fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo àwọn ohun èlò yẹn kí wọ́n tó jáde síta gbangba ní 1957. Láti 1971 dé 1990, òun àti Gustav Leonhardt ti Netherlands pín gbogbo kantátà ṣọ́ọ̀ṣì Bach (orin ìsìn fún akọrin àti ohun èlò) láàárín ara wọn, nǹkan bí igba, wọ́n sì gbà wọ́n sórí àwo. Nínú àwọn àwo ìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa gbọ́ ìpè tó ṣì, ẹ máa gbọ́ ọmọkùnrin kékeré tí èémí rẹ̀ fẹ́ tán. Mi ò rò pé àbùkù ni. Bí ẹni tó ń kọ́ èdè tí kò sí olùsọ rẹ̀ mọ́ láyé ṣe máa ń kọ́kọ́ kálòlò náà nìyẹn. Bach Collegium Japan, tí Masaaki Suzuki dá sílẹ̀ ní 1990, parí irú iṣẹ́ kan náà ní 2013, ìpè ò ṣì mọ́.

Wọ́n máa ń bára wọn jà o. Ní 1981, Joshua Rifkin, olórin àti ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, sọ pé ohun tí Bach ń pè ní ẹgbẹ́ akọrin, ẹnì kan péré ló máa ń wà ní apá kọ̀ọ̀kan: sòpúránò kan, áótò kan, tẹ́nọ̀ kan, báàsì kan. Àríyànjiyàn náà ò tíì tán. Èyí tó le jù wá láti ọ̀dọ̀ Richard Taruskin, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó kú ní 2022. Òun náà ti fi fíólà àtijọ́ kọrin rí, kì í ṣe ará ìta. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ àwo ń fi ọ̀rọ̀ náà "ojúlówó" polówó ọjà, ó ní ohun tí ẹ ń pè ní ohùn àtijọ́ yìí, ìfẹ́ inú òde òní ni: kíákíá, fífúyẹ́, kó mọ́ gaara, ẹ kàn wá ẹ̀rí inú ìwé àtijọ́ tó ti ohun tí ẹ fẹ́ tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ni. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ dé ibì kan. Gbogbo ìwé Quantz tó nípọn yẹn, kò lè sọ bí akọrin kan ṣe mí kó tó pe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni olórin òde òní ti máa ń fi ara rẹ̀ sí i, kò sì lè ṣe é kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ti fi "ojúlówó" sílẹ̀, tí wọ́n ń sọ pé ìtàn ló ń tọ́ àwọn sọ́nà. Ẹni tí wọ́n tọ́ sọ́nà ṣì ní láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín.

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín ò tíì bọ́ lọ́kàn mi. Lára kíbọ́ọ̀dù yín, ẹ máa rí bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ transpose sí. Ẹ yọ oókan kúrò, kó di -1. Ẹ padà mú D yín bí ẹ ṣe ń mú un, á bá téèpù mu. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ tó lọ sí Halelúyà, ẹ lọ síbi "Ìpè yóò dún", apá báàsì ni, tiyín ni. Ẹ má tíì kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó lọ dé ìdajì, níbi tí ìpè ti dákẹ́ tí báàsì sì ń dá kọrin, kí ẹ wá fetí sí ohun tó ṣe nígbà tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí ìwé yín sílẹ̀ níwájú yín. Àwọn nóòtì kan wà tó máa kọ tí ẹ ò ní rí níbẹ̀.